Erékùṣù Tó Ń Ka Èéfín Ara Rẹ̀

Ìwúwo la fi ń mọ fíríìsà tó dáa. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn ní Aláàbà, nígbà tí n kò tíì mọ̀ pé Ọlọ́run máa gbé mi dé Atlanta. Èèyàn á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi ọwọ́ kan gbé igun rẹ̀ sókè díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan rẹ̀ já bọ́ sábẹ́ ibẹ̀. Tó bá gbéra wẹ́rẹ́, kó fi í sílẹ̀. Tó bá fà á lápá, tí eegun ẹ̀yìn kí i kú iṣẹ́, ó ti rí ọjà nìyẹn. Ìgbà yẹn ló máa wá fi ìka kàn án lára, kó, kó, kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ògbólógbòó fíríìsà máa ń dáhùn bí baálé ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Àwọn tuntun ayé ìsinsìnyí máa ń dún bí agolo bisikíìtì. Oníbàárà mi kan ní Èkó ti sọ fún mi lórí fóònù pé fíríìsà tí ọkùnrin méjì bá lè gbé láì bú èpè, kí n má wulẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí òun.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe fún ọ̀rẹ́ mi, ará erékùṣù.

Ilé ẹrù mi wà ní Forest Park, níbi tí bàálù ti ń kọjá lórí wa lemọ́lemọ́ débi pé gbogbo wa la ti mọ bí a ṣe ń dákẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Èèyàn á sọ gbólóhùn dé ìdajì, á gbé ojú sókè, á dúró kí bàálù náà lọ, á wá parí rẹ̀. Àlejò máa ń rò pé àdúrà là ń gbà. Fíríìjì, fíríìsà, jẹnẹrétọ̀, gbogbo ohun tí òyìnbó bá ti lò tó sú u, ni mò ń kó jọ síbẹ̀, tí mò ń dì wọ́n sínú kọ̀nténà lọ sí Èkó. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó sá jáde. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀nténà tí mo dì tí wọ́n ṣí, tí wọ́n rí àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ tó gba bàtà kan.

Obìnrin tí mò ń sọ yìí ń gbé ní Riverdale, ó sì ń ṣe shift ní McDonough, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ńlá tí wọ́n ti ń fi ọjà sínú páálí. Erékùṣù kékeré kan láàárín òkun ló ti wá, ó kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ sọ pé tí èèyàn bá fi ìbínú jáde nílé níbẹ̀, kó tó rìn jìnnà tó láti jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀, ó ti dé etí omi. Òyìnbó la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Tèmi fọ́, tirẹ̀ ń kọrin. Àǹtí ló ń pè mí, àti bó ṣe ń pè é, pẹ̀lú orí tó máa ń tẹ̀ ba díẹ̀, ni mo fi mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ nílé.

Fíríìsà mẹ́ta ló wá rà. Kì í ṣe fún ara rẹ̀, fún ìyá rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja létíkun ní erékùṣù yẹn láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. Ilé yìnyín kan wà tẹ́lẹ̀ tí gbogbo àwọn ẹlẹ́ja ń kó ẹja sí, ìjì kan wá jà, ó ṣí òrùlé rẹ̀, omi òkun sì wọlé lọ bá ẹ̀rọ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹja tí kò bá tà láàárọ̀, ológbò ló ń jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹja kan wà tí wọ́n ń retí níbẹ̀, ó ní ìyẹ́, ó ń fò lórí omi bí eéṣú. Tí àsìkò rẹ̀ bá dé, ó máa ń pọ̀ débi pé ẹni tí kò ní ibi tí yóò kó o sí, ńṣe ni yóò kàn máa wò ó.

Àwọn ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin, tí wọ́n wà ní New York, ti wá pinnu. Wọ́n ní tí màmá kò bá ti rí ibi kó ẹja sí kí ẹja tó ń fò tó dé, àwọn máa fi ìsọ̀ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí wọ́n sì kó o wá sí Riverdale, sínú yàrá kan ní ilé àbúrò wọn, kó wá sinmi. Màmá ní kò rẹ òun. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohun tó sọ.

Mo mọ àwọn màmá tí wọ́n kó wá sinmi. A ní wọn lọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Obìnrin tó ti fi ogójì ọdún pàṣẹ nídìí ọjà, wọ́n á gbé e jókòó sójú fèrèsé ní Riverdale, wọ́n á fún un ní rìmóòtù. Àwọn ọmọ á lọ sí shift, àwọn ọmọ-ọmọ á lọ sí school, òun á máa bá àwọn mọ́tò tó ń kọjá lọ wí. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun ti mọ àwọ̀ gbogbo mọ́tò àdúgbò náà, ó sì kù kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lé wọn lórí. Ìyá tó ń tajà, tí wọ́n bá gbé e kúrò nídìí ọjà láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di àlejò títí ayé.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, mo dìde. Mo ní kó tẹ̀ lé mi. Àárín ọjà mi ni mo wọ̀ lọ, mo ń gbé igun, mo ń kan ara wọn, kó, kó, títí mo fi ṣa mẹ́ta tó wúwo jù lọ nínú ilé ẹrù yẹn jáde. Èyí tí mo fi pa mọ́ fún alága ọjà kan ní Èkó wà nínú wọn. Funfun wọn ti di àwọ̀ ẹyin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn wọn, ó máa ń mí, fúù, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ á kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kú, fíríìsà yìí á wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi ṣe ìrántí wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó wá ya àwòrán ẹ̀yìn wọn, níbi tí irin pélébé kan wà tí wọ́n kọ irú gáàsì inú rẹ̀ sí. Ó ní wọ́n máa ń béèrè fún un nílé kí wọ́n tó jẹ́ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé.

N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń béèrè gáàsì rí. Mo rò pé ìtàkùrọ̀sọ lásán ni.

Ọjọ́ kejì ló padà wá, ojú rẹ̀ rọ bí àkàrà àná. Wọ́n ti kọ̀ ọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gáàsì inú wọn jẹ́ irú ti àtijọ́ tí orílẹ̀-èdè wọn kò gbà wọlé mọ́, nítorí tó bá jò, ó ń mú ayé gbóná. Mo bi í pé ta ló kọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka èéfín orílẹ̀-èdè wọn.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní wọ́n máa ń ka èéfín gbogbo mọ́tò tó wà ní erékùṣù náà, wọ́n á ka ti ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní iná, wọ́n á ka ti ààtàn wọn, wọ́n á ka gáàsì inú fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo jókòó sórí jẹnẹrétọ̀ kan, mo rín in dáadáa. Mo ní àwa tí a pọ̀ bí yanrìn, a kò tíì ka èèyàn inú wa ká gbà pé ó pé, ẹ̀yin wà níbì kan, ẹ ń ka èéfín.

Mo ní kó pe ọmọkùnrin náà fún mi. Ó pè é lórí fóònù tó ń fi ojú èèyàn hàn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó de táì, igi àgbọn wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú fèrèsé, ó sì kí mi dáadáa. Mo fi ohùn tí mo fi ń ta ọjà tó ti pẹ́ nílẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Mo kí i, mo kí ìyá tó bí i, mo yìn ín fún iṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ ilé wa mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni, tó sì ní ibi tí wọ́n ń dì mú láti ṣí i. Mo ní, "Ọmọ mi, kí la lè ṣe sí i?"

Ó ro ó dáadáa. Mo rí i pé ó ń ro ó. Ó wá ní, "Ẹ lè gbé wọn padà síbi tí ẹ ti gbé wọn, mà."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá ìjọba pàdé, ẹnikẹ́ni kò tíì dá mi lóhùn ìbéèrè yẹn báyẹn rí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, kò sì mọ̀ pé mo kan ilẹ̀kùn kankan. Mo bi í pé kí wá ni fíríìsà mi ṣe fún un. Ó ní gáàsì inú ọ̀kan péré nínú wọn, tó bá jò tán, yóò mú ayé gbóná ju mọ́tò òun lọ, bí òun bá tilẹ̀ ń wà á yí erékùṣù ká lójoojúmọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni bàálù kọjá lórí wa. Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọkùnrin náà bi wá pé ariwo kí nìyẹn, mo ní bàálù ni, òmíràn á tún dé kó tó mu omi tó wà níwájú rẹ̀ yẹn tán, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun. Ó ní, "Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi, mà. Fíríìsà yín ló wà lọ́wọ́ mi."

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Mo gbé fóònù fún onífóònù. Ẹ̀yìn ìgbà tó pa á tán ni ọ̀rẹ́ mi wá sọ fún mi pé ọmọkùnrin yẹn kì í fi ọjọ́ kan jẹun láìra ẹja lọ́dọ̀ ìyá òun. Ó ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ fíríìsà rẹ̀. Ó tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó fi èènì sí i, màmá sì fi sí i.

Mo bínú fún un. Mo ní orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé gbogbo èéfín rẹ̀ kò tó èyí tó ń jáde láti ìdí tírélà láàárín Forest Park sí McDonough láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ló ń kà? Ta ló fẹ́ gbọ́? Tí gbogbo wọn bá pa iná, tí wọ́n pa mọ́tò, tí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, ayé kò ní mọ̀ pé wọ́n jókòó. Ọ̀rẹ́ mi kì í jà. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí," ló wí, "omi tó wọ ilé yìnyín yẹn, àwa kọ́ la pè é. Èéfín àwọn ẹlòmíràn ló ń lé e bọ̀ wá bá wa. Tí àwọn èèyàn wa bá lọ sí ìpàdé láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè ńlá, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi wá ni pé, tiyín ńkọ́? A gbọ́dọ̀ mọ tiwa, títí dórí fíríìsà."

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi náà mọ ìjà ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí ìdọ̀tí, á kọ́kọ́ gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ tirẹ̀, á gbá a títí ilẹ̀ á fi máa dán, kí alága tó dé. Kì í ṣe pé ìdọ̀tí tirẹ̀ pọ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi dì í mú ni. Mo wá rí i pé ọmọkùnrin onítáì yẹn ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹja tó ń fò kò mọ gbogbo ìyẹn. Ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ wọn fẹ́ gbéra lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní débẹ̀ kí ẹja tó dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fi ohùn ránṣẹ́ láti New York pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá ṣe. Ó mú un sétí mi, mo gbọ́ ọ. Wọ́n ní kó ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ga, nítorí orúnkún màmá.

Oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi ń ronú. Mo gbé abọ́ ìrẹsì mi lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹrù, níbi tí mo ti máa ń jẹun. Ẹni tó ń já ọjà fún mi máa ń kó gbogbo ẹrù ilé ìtajà kan tó kógbá wọlé fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, n kò lè ṣà, nítorí náà àwọn fíríìsà kan máa ń wà nínú rẹ̀ tí n kò jẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó. Wọ́n fúyẹ́. Ara wọn tinrín. Wọ́n tún wá ní àmì kan lẹ́yìn, igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ya ọwọ́ iná sáàárín rẹ̀. Fíríìsà tó ń ṣe yìnyín, tí wọ́n ya iná sí lára, ẹ ò rí i pé ayé ti bàjẹ́. Àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ní Aláàbà sọ pé gáàsì inú rẹ̀ ń gbiná, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Mo ti kó wọn jọ sẹ́yìn, mo fi aṣọ ọ̀rá bò wọ́n, wọ́n ti di tábìlì. Orí wọn ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gba ilé ẹrù yẹn.

Mo gbé abọ́ mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo gbé abọ́ mi kúrò lórí tábìlì. Mo ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀, mo pe ọ̀rẹ́ mi pé kó wá ya àwòrán ẹ̀yìn èyí.

Ọmọkùnrin onítáì náà fọwọ́ sí i kí ìrẹsì mi tó tutù. Ó ní irú gáàsì tí àwọn fẹ́ gan-an nìyẹn, tó bá jò, kò ní ṣe ayé ní nǹkan kan tó tó ohun tí ti àtijọ́ ń ṣe. Ó wá bi wá bóyá a tún ní sí i, nítorí àwọn ẹlẹ́ja yòókù.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ ilé wa kan tó máa ń bá mi tún ọjà ṣe, iṣẹ́ amúlétutù ló ń ṣe ní Atlanta, ó sì ti ṣe ìdánwò wọn lórí ọ̀rọ̀ gáàsì. Ó wo àwọn fíríìsà náà láti òkè délẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Gáàsì inú wọn jẹ́ ẹbí gáàsì ìdáná, ó kéré níye, tí wọn kò bá fi iná jó páìpù rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún un ṣe, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní wọn kì í jẹ iná mọ̀nàmọ́ná púpọ̀ pẹ̀lú. Mo wò ó títí. Mo ní ṣé láti ìgbà yìí ló ti mọ èyí, tó ń bá mi jókòó jẹun lórí wọn?

"Àǹtí, ẹ ò bi mí," ló wí. "Kí n gbé wọn sẹ́yìn lẹ ní kí n ṣe."

Ọmọ burúkú. Mo ní kó ki wáyà wọn bọ iná, gbogbo wọn, kí wọ́n ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì. Mo fi ẹja sínú wọn, ẹja yìnyín tí àwọn bàbá wa ń pè ní òkú Èkó nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n mo rà á láì tíì dì nínú ọjà Forest Park kí n lè mọ̀ pé fíríìsà mi ló mú un dì, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. N kò mọ̀ pé màmá fúnra rẹ̀ ló kù.

Ó ní òun kò ní gba ohun tí òun kò rí. Wọ́n pè é lórí fóònù ní ìdí ìsọ̀ rẹ̀, ó dé fìlà koríko, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ha ẹja lọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò wo ojú mi, fíríìsà ló ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọjà mi lé, ó gbé ọ̀bẹ sókè kí n dákẹ́.

"Gbé igun rẹ̀ kí n rí i," ló wí.

Mo gbé igun rẹ̀, ó gbéra wẹ́rẹ́. Mo gbọ́ tí màmá ké sí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì pé kó wá wò ó.

"Ọmọ mi, agolo bisikíìtì lo fẹ́ tà fún mi yìí?"

Ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló kó. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún àwọn tó fẹ́ tajà fún mi, ó gba orí òkun wá bá mi nílé ẹrù mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé obìnrin tí mò ń bá nájà yìí, ọmọ ìyá mi ni, ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrú ló kàn yà wá sọ́tọ̀ nígbà láéláé. Mo ní màmá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ kó sínú rẹ̀, àbí ẹ fẹ́ máa jókòó lé e?

"Méjèèjì," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un nípa gáàsì, nípa ayé tó ń gbóná, nípa ọmọkùnrin onítáì. Màmá ní òun mọ gbogbo ìyẹn, ẹsẹ̀ òun ló wà nínú omi, òun kò sì bá wọn jà lórí gáàsì. Òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó tutù. Mo rí i pé ọjà tiwa la wà yẹn, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó bọ́ sẹ́yìn. Mo ṣí fíríìsà, mo mú òkú Èkó kan jáde, ó ti di igi, mo gbé e síwájú fóònù.

Màmá yí ojú kúrò. Ó ní kí n má wulẹ̀ fi hàn án, ojú máa ń purọ́ nínú fóònù. "Jù ú sílẹ̀," ló wí, "kí n gbọ́ ọ."

Bí mo ṣe gbé ọwọ́ sókè ni bàálù dé. Mo dúró bẹ́ẹ̀, ẹja lókè lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi dúró, ẹni tó ń ṣe fíríìjì dúró, màmá pẹ̀lú dúró lọ́hùn-ún, ọ̀bẹ rẹ̀ kò mì, nítorí mo ti fi ìka tọ́ka sókè fún un. Ọwọ́ mi ń dì. Ẹ̀rín ń pa mí, n kò sì gbọdọ̀ rín in. Mo ń wo ọ̀rẹ́ mi, ó ti di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, ètè rẹ̀ ń lọ, mo sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì tí kò ga yẹn ló ń rò.

Bàálù lọ. Mo jù ú sílẹ̀. Símẹ́ńtì dáhùn, gbàgì.

Màmá tẹ etí. Ó ní, "Ìrù ló kọ́kọ́ balẹ̀ yẹn. Orí ni mo fẹ́ gbọ́. Orí ló máa ń pẹ́ kó tó dì."

Mo gbé e, mo dojú orí rẹ̀ délẹ̀, mo jù ú. Ó ró bí òkúta, ó sì yí gbirigbiri lọ sábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Màmá padà sídìí ọ̀bẹ rẹ̀. Ó ha ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó dà á sínú abọ́, ó nu ọ̀bẹ.

"Ó ti dì dé eegun," ló wí. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. "Ta ló sọ pé mò ń bọ̀ ní Riverdale?"

Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, màmá. Ó ní kò sí rárá. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ẹ̀yìn kọ̀nténà mi, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, a kò tẹ̀ lé e.

Mẹ́ta nínú àwọn tó fúyẹ́ yẹn bá ọkọ̀ lọ fún màmá, tábìlì mi sì lọ pẹ̀lú wọn. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù tí àyè fi ń ṣófo, nítorí náà mo fi aṣọ, bàtà àti ìkòkò tí àwọn èèyàn ọ̀rẹ́ mi béèrè kún inú wọn dẹ́nu. Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin onítáì náà kó gbogbo rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan létí omi, bóyá mo fi gáàsì kan pa mọ́ sínú bàtà. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ní New York fi ohùn ránṣẹ́ pé ó dáa náà, bí ẹni pé àwọn ló ro ó.

Ní ti àwọn ògbólógbòó mi mẹ́ta, mo ní kí ọmọ ilé wa fa gáàsì inú wọn sínú sílíńdà, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí níbí, kó má bàa jò. N kò fi wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹ má rò pé mo ti di ẹni mímọ́, mo kàn rí i pé tí ẹni kékeré bá lè gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ rẹ̀ báyẹn, kò yẹ kí n máa gbá ìdọ̀tí tèmi lọ síwájú ilé ìyá mi. Àwọn oníbàárà mi bú mi. Wọ́n ní mo ń kó agolo ránṣẹ́. Èmi náà ti mọ èsì. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé igun rẹ̀, kí wọ́n fi ẹja sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n wá jù ú sílẹ̀, orí níwájú. Àwọn kan ti ń rà á. Àwọn yòókù ṣì ń bú èpè, mo sì ń bá wọn ṣe àmín.

Mo ń jẹun lórí jẹnẹrétọ̀ báyìí, ó ga jù.

Tí àsìkò ẹja tó ń fò bá dé, fóònù mi máa ń dún láàárọ̀, nọ́ńbà erékùṣù yẹn á jáde. Mo ti mọ̀ pé kí n má sọ hẹ̀lóò. Ẹnikẹ́ni kò ní kí mi. Mo máa gbọ́ afẹ́fẹ́ òkun díẹ̀, mo máa gbọ́ àwọn obìnrin tó ń nájà, lẹ́yìn náà ohun kan á bọ́ lulẹ̀ lórí símẹ́ńtì lọ́hùn-ún, gbàgì, á sì yí. Màmá á dúró kí n sọ èyí tó kọ́kọ́ balẹ̀.

Mo máa ń sọ fún un pé orí ni. Á ní mo gbọ́ dáadáa, á sì pa fóònù, nítorí èèyàn wà níwájú ìsọ̀.